Ẹni Tó Fi Ẹsẹ̀ Rìn Lọ sí Abereke

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ méjì kí Kérésìmesì ó wọlé. Bí mo bá dàgbà débi tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n kò lè gbàgbé òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí òwúrọ̀ yẹn ni mo jáde ní Aráròmí létí òkun, àpótí lórí, agbòòrùn lábẹ́ apá, ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, tí mo ní mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé Abereke. Ẹ̀yin tí ẹ mọ etí omi wa, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí tọkàntara, ṣùgbọ́n òkè ni wọ́n bí mi sí, ní Òkìtìpupa, níbi tí bàbá mi ti ń bá àwọn òyìnbó wọn ekùrọ́. Ibẹ̀ ni mo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo ti ibẹ̀ lọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn, mo sì gba oyè. Ohun gbogbo ni wọ́n kọ́ mi àfi ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin ní Ode Ugbo ti mọ̀: bí a ṣe ń jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà mí. Kì í ṣe irú ẹ̀rù tí ènìyàn lè fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀ tó sì mì, n ó ti fò padà sórí ilẹ̀ kí ọlọ́kọ̀ tó yíjú padà. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí Aráròmí láti máa kọ́ àwọn ọmọ, ọkọ̀ ńlá ẹlẹ́ńjìnnì ni mo bá dé, mo sì di ojú láti ìgbà tó ti ṣí títí tó fi gúnlẹ̀. Ẹnì kan bi mí bóyá àdúrà ni mò ń gbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Oríyọmí ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Òun nìkan ló mọ àṣírí mi, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. N kò ní sọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ìwé yìí kò ní gbà á. Nígbà tí a gba ìsinmi, ó bá ọkọ̀ lọ sílé wọn ní Abereke, ó sì kọ lẹ́tà sí mi pé bàbá òun gbà láti rí mi ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ọkọ̀ òkun ló ní. Lẹ́tà náà kà báyìí: "Bàbá mi ń sọ káàkiri pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ará òkè tí kò mọ omi. Bí o kò bá dé lọ́jọ́ náà, ẹlòmíì ti wà nílẹ̀ tó ní ọkọ̀ mẹ́ta. Mo bẹ̀ ọ́, wá." Ọkọ̀ mẹ́ta! Èmi tí n kò lè wọ ẹyọ kan.

Òru méjì ni n kò fi sùn. Ní ọjọ́ kẹta mo mú máàpù inú ìwé jọ́gíráfì wa. Lórí máàpù náà, etí òkun láti Aráròmí dé Abereke jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, ó gún bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Inú mi dùn débi pé mo fi ẹnu ko ìwé náà lẹ́nu. Mo ti kà rí pé àwọn òyìnbó a máa fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ púpọ̀ ní ìgbèríko wọn, fún ìgbádùn lásán, wọn a sì máa sùn ní ilé àlejò lójú ọ̀nà. Mo ní bí àwọn bá lè ṣe é fún ìgbádùn, èmi á ṣe é fún ìyàwó.

Mo fi okùn wọn ìlà náà, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, mo sì kọ lẹ́tà síwájú. Alẹ́ kìíní, ilé kátíkíìsì. Alẹ́ kejì, ilé ìsinmi tí ìjọba kọ́ fún àwọn ajẹ́lẹ̀. Alẹ́ kẹta, ilé Alájì Sùnmọ́nù, oníṣòwò aṣọ àti epo òyìnbó, tó máa ń gba àwọn oníṣòwò tó ń kọjá sílé. Ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi títí dòní: "Ọjọ́ kìíní. Ìsinmi lábẹ́ igi àgbọn, aago mẹ́wàá. Ọsàn méjì. Kí n ṣàkíyèsí bí ọkàn mi ṣe rí." Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ ọ́.

Wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ dára púpọ̀. Iyanrìn le lábẹ́ bàtà mi, ọyẹ́ ń fẹ́, mo sì ń kọrin. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, n kò rí igi àgbọn kankan nítòsí, ṣùgbọ́n ìwé ní kí n sinmi, mo bá gbé àpótí kalẹ̀ létí omi, mo jókòó lé e, mo bọ́ bàtà òsì tó ń ta mí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ara mi yá. Òkun dákẹ́." Kí n tó fi àmì sí i, ìgbì kan dìde. Ó wẹ̀ mí dé ọrùn, ó gbé bàtà òsì lọ, ó yí agbòòrùn mi sódì, ó sì ti àpótí mi bí ẹni ti àgbá. Mo sáré lé àpótí bá. Bàtà, n kò rí i mọ́. Mo wọ ẹyọ kan tó kù, n kò mọ ìdí. Bóyá mo rò pé ìyì ìdajì sàn ju àìníyì lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yọ sí abúlé kátíkíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà: omi ń kán lára mi, àpótí wà lórí, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà. Àwọn obìnrin mẹ́fà kan ń yan ẹja níbẹ̀. Èyí tó ga jù nínú wọn, tí mo wá mọ̀ sí ìyàwó kátíkíìsì, ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

"Yéè! Ọkọ̀ ti dojú dé o!"

"Rárá, ẹ̀yin ìyá," ni mo wí, "mò ń rìn ni."

"Ó ní òun ń rìn!" Ó gba àpótí kúrò lórí mi. "Ẹ wo ojú rẹ̀. Omi ti dé orí rẹ̀. Ẹ mú aṣọ wá!"

Ohun tí n kò kọ sínú ìwé mi ni pé ní etí omi wa, kò sẹ́ni tó ń rìn. Ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí iná bá kú lójú ààrò, ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé lọ fọn ún nílé kejì. Ẹni tó bá ti etí òkun fi ẹsẹ̀ yọ, tó rin gbingbin, tó ru ẹrù, ohun kan ṣoṣo ló lè jẹ́. Ẹni tí omi pọ̀ ni, ẹni tí omi gbé mì tó sì tún bì jáde. Wọn kì í sì í bá ẹni tí omi pọ̀ jiyàn. Wọ́n á fi í sẹ́bàá iná, wọ́n á fún un ní oúnjẹ gbígbóná, ohunkóhun tó bá sì sọ, ìdáhùn kan ni wọ́n ní.

"Mà, èmi ni tíṣà Aráròmí, mo kọ lẹ́tà sí kátíkíìsì pé mò ń bọ̀..."

"Ó ti tán, ọmọ mi."

"Mo ṣàlàyé sínú rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ni mo fẹ́..."

"Ó ti tán. Jẹ pùpùrù yìí."

Kátíkíìsì kò sí nílé. Ó lọ sí ìpàdé ní Ode Ugbo, lẹ́tà mi kò sì tíì dé. Mo jẹ pùpùrù. Ó dùn. Mo ń ronú bí mo ṣe máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí àgbàlagbà kan jókòó tì mí.

"Tíṣà, ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

"Kò sí ẹlòmíì, bàbá," ni mo yára dáhùn, torí mo rò pé ọ̀nà ti là. "Èmi nìkan ni."

Ìyàwó kátíkíìsì ká ọwọ́ lérí: "Òun nìkan ló kù!"

Kí n tó gbé òkèlè mì, ọkọ̀ mẹ́ta ti wọ omi láti lọ wá àwọn tó kù. Mo sáré tẹ̀ lé wọn dé etí òkun, mò ń pariwo pé, "Ẹ padà! Ẹ padà! Kò sẹ́nì kankan!" Àwọn obìnrin náà sáré bá mi, méjì di apá mi mú, ọ̀kan di ẹsẹ̀. "Ó fẹ́ padà sínú omi! Ẹ má jẹ́ kó lọ!" Èmi tí n kò lè fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan omi tìfẹ́tìfẹ́! Ìtìjú tó mú mi lálẹ́ ọjọ́ náà, tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn padà tí wọ́n ń mi orí, kò ṣeé sọ. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n bo aṣọ lé mi.

Ní òwúrọ̀, wọ́n fún mi ní ìdì ẹja gbígbẹ kan àti àjẹ̀ tuntun, igi tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Àṣà wọn ni pé abúlé tó bá kọ́kọ́ gba ẹni tí omi pọ̀ ni yóò fún un ní àjẹ̀, kí omi má bàa rò pé òun ti ṣẹ́gun. Wọ́n ní kí n wá kí àwọn fi ọkọ̀ gbé mi lọ síbi tí mò ń lọ. Mo kọ̀, mo sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò lẹ́bàá ọkọ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀," ni ìyàwó kátíkíìsì wí. "Ó kù díẹ̀ kí òun àti omi tó parí ìjà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tún gba etí òkun lọ, àpótí lórí, àjẹ̀ léjìká, bí ọlọ́kọ̀ tí wọ́n jí ọkọ̀ rẹ̀ gbé.

Ẹ rántí pé èmi ń fi ẹsẹ̀ rìn, ìròyìn sì ń wọ ọkọ̀. Nígbà tí mo fi dé ilé ìsinmi ìjọba, ìròyìn ti débẹ̀, ó ti jẹun, ó ti sanra. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ilé náà ti gbé àga síta dè mí.

"Ẹ kú ewu omi, Tíṣà. Ẹ̀yin méje lẹ wọkọ̀, àbí?"

"Méje kẹ̀?"

"Ìyàwó tuntun kan wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tí agbára yín fi pin." Ó fa orí mi mọ́ra. "Ẹ ṣeun. Ẹ gbìyànjú."

Ó sọ ìtàn náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún yín pé ó dùn débi pé mo sún àga mi mọ́ ọn, mo sì ń fẹ́ mọ̀ bóyá n ó yè. Ibi tó dé tí ìgbì gbé ọkọ̀ sókè, ó dúró, ó wojú mi. "Ohun kan ni à ń jiyàn lé lórí níbí láti àárọ̀. Ìgbì yẹn, ọ̀tún ló ti wá ni àbí òsì?"

Mo ní, "Ọ̀tún."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan yìí, torí mo ti rò ó títí. N kò ṣèrò láti purọ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ojú bàbá náà sì mọ́lẹ̀, ó ń retí, bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá nawọ́ sókè. Ìgbì tó gbé bàtà mi lọ náà kúkú ti ọ̀tún wá. Ṣùgbọ́n bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé títí di ìgbà yẹn, àwọn ènìyàn ló ń ṣìnà. Láti ìgbà yẹn lọ, èmi ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún wọn!" ni bàbá náà ké, ó gbá itan rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, iyanrìn tán. Máàpù kò sọ ọ́, olùkọ́ jọ́gíráfì kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń lọ sí apá Abereke, ibì kan wà tí iyanrìn etí òkun á dáwọ́ dúró tí ẹrẹ̀ á gbà á. Ẹrẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó tẹ́jú bí tábìlì. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ó wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo gbé èkejì láti fi yọ ti àkọ́kọ́, ó wọlé dé orúnkún. Bàtà kejì lọ bá ẹnì kejì rẹ̀. Mo gbé àjẹ̀ náà dábùú, mo dùbúlẹ̀ lé e, mo sì ń wo àwọn akàn kéékèèké tó ń wò mí. Mo wà níbẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí.

Ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun, tí mo fura pé Alájì Sùnmọ́nù ni, ló wa ọkọ̀ gba ojú omi tóóró kan wá.

"Tíṣà, kí lẹ ń ṣe nínú ẹrẹ̀?"

"Mò ń bọ̀ nílé yín ni, Alájì."

"Mo ti ń wò yín láti òkèèrè, ẹ ti ń bọ̀ láti àárọ̀. Ojú kan náà lẹ wà." Ó na ọ̀pá sí mi. "Ẹ dì í mú, ẹ má tiraka. Ẹrẹ̀ ibí yìí kì í fẹ́ràn ẹni tó ń kánjú."

Ó fà mí sínú ọkọ̀ bí ẹja àrọ̀. Ọkọ̀ náà mì. Mo ké, mo dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, mo sì di ojú. Mo ń retí ẹ̀rín. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé wa á rẹ́rìn-ín. Alájì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ di ojú yín jàre. Ẹni tí omi ti gbé mì rí, a kì í bá a wí." Ó sì ń wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, ó ń sọ fún mi kó tó yà sọ́tùn-ún, ó ń sọ fún mi kó tó yà sósì. Omijé bọ́ lójú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bẹ̀rù nínú ọkọ̀ tí ojú kò tì mí, ìtàn ọkọ̀ tí kò dojú dé rárá ló sì rà mí padà. Ẹ ò rí i pé ọ̀ràn náà ń dijú?

Lẹ́yìn tí mo wẹ̀ tí mo jẹun nílé Alájì, ó sọ èyí tó gba oorun lójú mi: bàbá Oríyọmí ti gbọ́ ní Ọjọ́rú, ó sì ti gbé ọkọ̀ àti àwọ̀n wọ òkun láti wá òkú mi. Mo dìde.

"Alájì, ẹ gbọ́. Ọkọ̀ kankan kò dojú dé. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Aráròmí torí pé ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà mí."

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. "Ó ti tán, Tíṣà," ló wí, ó sì lọ kírun.

Ọjọ́ Ẹtì ni ó fi ọkọ̀ gbé mi dé Abereke. Oríyọmí wà lórí afárá pákó, irun rẹ̀ tú, ojú rẹ̀ wú. Ó fò mọ́ mi, ó sunkún sí mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó tì mí sẹ́yìn, ó gbá mi létí, ó sì sọ sí mi létí kan náà pé: "Ọkọ̀ wo? Ìwọ tí o kì í wọ ọkọ̀!"

"Mo ti sọ fún wọn! Kò sẹ́ni tó gbà!"

"Gbogbo rẹ̀ lo sọ fún wọn?"

Mo rántí ìgbì ọ̀tún. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá rẹ̀ gúnlẹ̀. Ọkùnrin ńlá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, iyọ̀ funfun nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Àwọn èrò orí afárá nawọ́ sí mi. Ó rìn wá, ó dúró níwájú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó.

"Ìwọ ni mo ti ń fi àwọ̀n wá nísàlẹ̀ omi láti ọjọ́ méjì?"

"Èmi ni, sà."

"Dìde." Ó na ọwọ́ sí mi, mo sì rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Okùn àwọ̀n ti bó o. "Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ. Mo ti pinnu pé n kò ní fún ọ lọ́mọ mi. Mo sì ń wá ọ kí n lè fi ẹnu ara mi kọ̀ ọ́, torí kò dára kí ènìyàn kú láìgbọ́ èsì." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n òkun mú ọ, ó wò ọ́ wò, ó dá ọ padà. Ta lèmi tí n ó kọ ohun tí òkun dá padà?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo búra fún yín. "Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo..." Oríyọmí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, tagbáratagbára. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ náà sì padà sínú mi. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bó báyẹn pé inú omi òfìfo ló ti ń wá mi? Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n fún mi ní Oríyọmí.

Ọdún méjì ti kọjá. Àna mi fẹ́ràn mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà báyìí, pẹ̀lú sùúrù tí n kò rí rí, torí ó gbà pé mo ní ìdí pàtàkì láti bẹ̀rù. Mo ti lè jókòó láìdi ojú. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò le: bí mo bá ti sọ ní Aráròmí pé "ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà mí," ẹ̀rín ọ̀sán kan ni ì bá ná mi. Mo rìn fún ọjọ́ mẹ́ta kí n má bàa gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mo sì bá ohun tó ju ẹ̀rín lọ pàdé. Nígbà míì tí mo bá dá jókòó, èmi náà á bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó mi á wò mí, á mi orí.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá àna mi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kò dùn mọ́ òun pé lọ́dọọdún, nígbà tí òun bá wa ọkọ̀ jáde lọ gbàdúrà fún àwọn mẹ́fà tó bá mi wọkọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ẹbí wọn kì í sí níbẹ̀. Ó ní èmi ni mo mọ̀wé, kí n kọ lẹ́tà sí wọn, ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pàápàá ilé ìyàwó tuntun yẹn, kí wọ́n wá sí Abereke lóṣù Kejìlá. Ó ti ń tún yàrá ṣe dè wọ́n. Ó ti yan ẹja pamọ́.

Mo bi Oríyọmí pé kí ni ká ṣe. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo sọ pé ìgbì ti ọ̀tún wá."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dákun, mo jókòó síwájú bébà funfun bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣé kí n lọ bá a, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sì sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò kú? Ìròyìn ayọ̀ kúkú ni, bí èèyàn bá wò ó dáadáa. Àbí kí n kọ ọ́ pé ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kó lọ sí Gánà? Ẹni tó bá mọ ọ̀nà kẹta, kó yára gbà mí nímọ̀ràn. Oṣù Kejìlá ti ń bọ̀, ọkọ̀ ló sì wọ̀.